Ìtọ̀ Mi Ni Mo Rọ Sínú Ìgò Gbogbo Abúlé

Wọ́n ti sọ fún mi pé ìbọn ni wọn yóò fi pa mí. Wọn ò sọ ọjọ́. Mo mu gàrí nínú ẹ̀wọ̀n láàárọ̀ yìí, mo sùn, mo tún jí. Kò dùn mí bó ṣe yẹ kó dùn mí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé apànìyàn ni ìyá mi bí.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni ìjọba fa omi wọ pápá ìrẹsì nísàlẹ̀ Oko-Àkàrè, abúlé wa. Ìrẹsì hù dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni, àrùn tí èèyàn ń kó nínú omi. Àwọn òyìnbó wá láti òkè òkun, wọ́n fẹ́ mọ abúlé tí àrùn náà wà, kí wọ́n lè kó oògùn ọ̀fẹ́ lọ síbẹ̀. Torí pé mo gbọ́ Faransé díẹ̀, wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́ àti àpótí ìgò, pé kí n máa gba ìtọ̀ lójúlé dé ojúlé.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Ta ló ń fún èèyàn ní ìtọ̀ rẹ̀ gbé lọ? Ẹni tó bá ní ìtọ̀ rẹ lọ́wọ́ lè fi dè ọ́. Ìyá àgbà kan da omi sí mi lára.

“Ṣé o fẹ́ sọ àwọn ìyàwó ilé mi di àgàn ni? Gbé àpótí ẹ kúrò níwájú mi, jàre!”

Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì bà mí pé òyìnbó á bú mi, á gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ, mo mu omi, mo tọ̀ sínú ìgò. Mo tún mu omi, mo tún tọ̀, títí gbogbo ìgò inú àpótí fi kún. Èmi kì í ṣiṣẹ́ nínú omi, ìtọ̀ mi mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

“Àrùn ò sí ní Oko-Àkàrè. O ṣeun.”

Wọ́n kó oògùn lọ sí abúlé mìíràn, lọ́nà Tatonnonkon. Mo ń súfèé lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Bàbá Ráfíù, ló ń ṣí omi sí pápá náà. Ráfíù ọmọ rẹ̀ ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó ń rù. Bàbá rẹ̀ lọ bẹ awakọ̀ àwọn òyìnbó fún oògùn, ìyẹn ní ìtọ̀ àwọn ará Oko-Àkàrè mọ́ gaara. Ó wá bá mi lẹ́bàá omi lọ́sàn-án.

“Àna, ìtọ̀ ta lẹ gbé fún wọn?”

“Ẹ má bínú, Bàbá Ráfíù. Ẹ jẹ́ kó mọ láàárín wa.”

“Háà! Ọmọ mi ń kú lọ! Lọ́la ni mo máa gbé ìtọ̀ Ráfíù lọ bá dókítà. Mo máa sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.”

“Wọ́n á lé mi.”

“Kí wọ́n lé yín! Ẹ ó padà sóko. Ṣé oko ń pànìyàn ni?”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ti pákó tí wọ́n fi ń sé omi. Ọkọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, mo gbé e. Mi ò bínú sí i, ìyẹn ló burú jù. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni. Mo là á mọ́ ọn lórí, ó ṣubú sínú omi, mo sì dúró, mo ń wò ó títí wọ́n fi wá mú mi.

Ìyàwó mi wá síbí lẹ́ẹ̀kan. Kò kí mi. Ó ní, “A ti sin Ráfíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀,” ó sì yíjú padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ǹ bá ti lọ bá òyìnbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n ní, “Ọ̀gá, wọn ò fún mi.” Á bú mi. Bó bú mi tán, màá lọ jẹun. Èébú yẹn ni mo sá fún, tí bàbá àtọmọ fi wà nínú ilẹ̀, tí èmi náà ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n bú yín.