Kẹ́hìndé Kọ́ Ló Ba Táyà Náà Jẹ́

Orúkọ mi ni Olúdáre Ọlátúnjí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ti wá ríìmù rà ní Àkúrẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Isikan. Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ báyìí. Dókítà kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní bí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ ṣe, kí n má ṣe fi falẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà. Ọkùnrin kan wà ní Oǹdó tí ń jẹ́ Kẹ́hìndé Ọlábọ̀dé, fọ́kanáísà tó fi ogún ọdún fẹ́ táyà ní ìkóríta kan ṣoṣo, kí n tó fi ẹnu mi lé e kúrò níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Bí mo bá kú pẹ̀lú rẹ̀, irọ́ mi yóò di òtítọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí wọn yóò gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú.

N kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rúlà irin kan, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí mo ń ṣe ìṣirò sí, àti sùúrù ni ọ̀gá mi. N ó dojú ríìmù délẹ̀, n ó gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, n ó wá wọn bí ó ti jìn tó láti ara igi náà dé ibi tí ríìmù ti ń kan họ́ọ̀bù, irin tí wọ́n ń dè é mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn oníbàárà a máa béèrè bí ríìmù ti tóbi tó àti bí ó ti ń dán tó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Òun ló ń sọ bóyá táyà yóò wọ abẹ́ mọ́tò lọ tàbí yóò yọ síta. Bí ó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni táyà yóò ṣe yọ tó. Lára mọ́tò tó ga, èèyàn lè ṣì í díẹ̀ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ti gé sípíríńgì rẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ilẹ̀ kò fàyè gba àṣìṣe, nítorí etí fẹ́ńdà ti sọ̀kalẹ̀ wá bá táyà. Inú mi máa ń dùn sí ìṣirò yìí bí inú ẹlòmíràn ṣe ń dùn sí oúnjẹ.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán iṣẹ́ mi wò, òun náà ni wọ́n fi mọ̀ mí. Nílùú wa, kò sí ẹni tí ń dá mọ́tò rẹ̀ gùn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Yóò gbé ìyàwó, yóò gbé àna, yóò gbé ará ṣọ́ọ̀ṣì, yóò tún di àpò gààrí sí búùtù. Nítorí náà, bí mo bá ti de ríìmù tán, n ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun abẹ́ etí fẹ́ńdà, n ó kó àwọn aládùúgbò márùn-ún sínú mọ́tò, wọn yóò máa mì í sókè sódò. Bí ṣọ́ọ̀kì bá hàn lára táyà, iṣẹ́ kò tíì parí. Agnes tí ń ta omi tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, nítorí ó sanra, kò sì tijú rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, “Dáre, bí èmi bá jókòó tí mọ́tò yìí kò ké, sọ fún olówó rẹ̀ kó lọ fi kó sìmẹ́ńtì.”

Ní ọdún 2012 ni Bọ́láwálé wá bá mi. Ará Ọ̀wọ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka. Ó ti gé sípíríńgì mọ́tò rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ríìmù kún abẹ́ fẹ́ńdà fọ́fọ́, nítorí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni yóò kó àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Oǹdó láti lọ mọ àwọn àna. Mo ṣe ìṣirò. Ríìmù ìnṣì mẹ́tàdínlógún, nọ́ńbà ẹ̀yìn márùndínláàádọ́ta ló yẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ márùndínlógójì. Ìyàtọ̀ wọn kò ju mílímítà mẹ́wàá lọ, nínípọn ìka ọmọdé. Mo rí i, mo sì dè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti pé lé mọ́tò náà, wọ́n ń ya fọ́tò, mo sì ti ń ṣàlàyé fún wọn pé kò sí mọ́tò tí mo wọn rí tí ó já mi kulẹ̀. Agnes àti àwọn mẹ́rin wọlé, wọ́n mì í. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn lápá òsì. Ìlà funfun ló wà lára táyà náà, gbọọrọ, ó hàn bí ojú ọ̀nà. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí n fi irin yí etí fẹ́ńdà wọnú, tàbí kí n wá táyà tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n Bọ́láwálé dúró lẹ́yìn mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dúró, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo fa àkísà yọ nínú àpò, mo nù ún. Agnes yọjú láti ojú fèrèsé. “Kí lò ń nù níbẹ̀ yẹn?” Mo ní eruku ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kù díẹ̀ kí n máa fi ọ̀ṣọ́ sí abẹ́ mọ́tò. Mo dìde, mo ní ó ti dáa. Ẹ má ṣe bá mi wí àwáwí pé n kò mọ̀. Mo mọ̀ jù wọ́n lọ, òun ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ní ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́fà ló wà nínú mọ́tò náà. Bí wọ́n ti ń wọ Oǹdó ni òórùn rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí wọn. Wọ́n yà sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Bọ́láwálé pè mí lórí fóònù, mo sì gbọ́ ohùn fọ́kanáísà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn ẹni tí kò kánjú. “Ọ̀gá, etí fẹ́ńdà ló ń gé táyà yín. Ẹ má gbé ọmọ èèyàn padà nínú rẹ̀. Kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ rọra dá wà á lọ bá ẹni tó ṣe é.” Ọkùnrin tí kò fojú rí ríìmù náà rí títí di àárọ̀ yẹn, ó fi ọwọ́ lásán mọ ohun tí mo fi ṣọ́ọ̀kì mọ̀. Kí ni mo wí? Mo ní, “Kí ni fọ́kanáísà mọ̀ nípa ríìmù? Tuntun ni, yóò há díẹ̀ kó tó mọ ara rẹ̀. Ẹ ní kó fẹ́ ẹ kó le díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀.” Kẹ́hìndé ní afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n tẹnu mọ́ ọn, ó sì fẹ́ ẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, táyà náà bẹ́ lẹ́yìn Bọ́lọ́runduró, mọ́tò sì yí wọ oko kòkó. Adéníkẹ́, ẹ̀gbọ́n Bọ́láwálé, olùkọ́ ni, òun ló jókòó lórí táyà yẹn gan-an. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá láti wá wo táyà náà, nítorí èmi ni ọ̀mọ̀ràn. Mo yí i. Gígé náà lọ yí ká èjìká rẹ̀, ó gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ọládiméjì, ọkọ Adéníkẹ́, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Kí ló pa ìyàwó mi?” Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi láti sọ òtítọ́, èmi ni mo tì í. Mo ní fọ́kanáísà náà ló fẹ́ ẹ kọjá ìwọ̀n tí mo sọ, nítorí inú ń bí i pé mo ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú Kẹ́hìndé wọlé láìwọ bàtà. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ibi tó ti gé yẹn.” Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Mo ní n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Àkísà yẹn, mo lè pè é ní ìbẹ̀rù. Èyí kò ní orúkọ mìíràn ju ìkà lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Àwọn ọ̀dọ́ fọ́ ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Nígbà tó padà, kò sí mọ́tò tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ọmọ apààyàn nílé ìwé. Ó kó wọn lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ó ń ro oko olóko. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi ń gbòòrò, wọ́n ń pè mí wá yanjú ọ̀rọ̀ táyà láti Ìkàrẹ́ dé Òkìtìpupa.

Ní oṣù tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Fọlákẹ́, ìyàwó Kẹ́hìndé, ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ọkọ mi mọ̀. Ó ní ẹ wo ojú gígé náà pẹ́ ju ẹni tí kò rí nǹkan lọ. Ó ní ẹ máa wá. Ọdún mẹ́sàn-án, bí mọ́tò bá ti dúró níta, á gbórí sókè.” Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, òun kọ́ ni mo ṣẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ kò lè dá mi lóhùn mọ́. Ó wá tẹ orí ba sí ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo pe Bọ́láwálé náà. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gé sípíríńgì, tí ẹ ń wá ríìmù tó fẹ̀, iṣẹ́ tó dùn ni, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ fi èèyàn kún inú mọ́tò náà kí ẹ tó ní ó dáa. Bí ẹnì kan tí ẹ rò pé ó kéré sí yín bá ní ó ń ha, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ wò ó.

Ní tèmi, n kò retí ìdáríjì, ẹni tó ni í ti lọ. Ẹ̀yin ará Oǹdó ni mo ń bẹ̀. Àwọn ọmọ Kẹ́hìndé ti dàgbà, wọn kò lè dé ìlú bàbá wọn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ sọ fún wọn pé bàbá wọn rí i, ó sì sọ ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbọ́.