Ohùn Àbúrò Mi Ni Ẹ Ń Gbọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ lónìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà péré ni, ó sì ti sú mi. Ohùn ọkùnrin tí mo máa ń jẹ́ kí ẹ gbọ́, tí mò ń gbà nímọ̀ràn nípa ọtí, tí ẹ fi ń yìn mí, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi.

Nígbà tí èmi náà ń kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ká gba ohùn ẹni tí ọtí ń dà láàmú gan-an sílẹ̀ fún ìdánwò, wọn kì í sì í gba ìbátan. Mi ò rí ẹnikẹ́ni, ó sì ku ọjọ́ méjì ká fi ránṣẹ́. Mo bẹ àbúrò mi pé kó ṣe bí ọ̀mùtí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín: "Àǹtí mi, ṣé mo jọ ọ̀mùtí lójú yín ni?" Síbẹ̀ ó jókòó.

Mo tan fóònù, mò ń ka ìbéèrè látinú ìwé. Àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní, "Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni mo ti ń mu ún. Inú bàtà òjò Bàbá ni mò ń fi ọtí pamọ́ sí. Màmá ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Bàtà òjò yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa lóòótọ́! Ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ mọ́: mo mọ̀, níbẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà pé òótọ́ ni, mo ní láti pa fóònù kí n gbọ́ tirẹ̀, ìdánwò mi bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní, "Ó dà bíi pé ẹ̀rù ń bà ọ́," bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo fi àmì sí i, mo kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Èmi olójúkòkòrò!

Nígbà tí mo pa fóònù, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ lè bi mí sí i?"

Mo ní, "Ó ti tó. O ṣe é dáadáa."

Máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fún mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó mutí yó, ó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé wa, kò dìde mọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ni Màmá ń sọ fún pé, "Ọmọ yìí ò tiẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo jókòó tì wọ́n, mò ń mi orí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá mọ̀ pé òótọ́ lẹni tó wà níwájú yín ń sọ, ẹ pa ìwé dé, máàkì ì báà lọ.

Màmá ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Mo ní kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn, mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ forí jì mí. Ó sọ o. Èmi ló sọ fún.