Fúláwà Inú Abọ́ Kejì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi, mi ò ní sá fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún méje tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, kò sì dà nínú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹnì kan máa padà wá bi mí ní ìbéèrè. Ohun tí mo bá sọ ló máa pinnu bóyá ọmọ ọlọ́mọ kan máa wọ ilé ọkọ tàbí kò ní wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Búrẹ́dì ni mo ń ṣe ní Erinje. Ààrò alámọ̀ ni mo fi ń yan án, igi ni mo ń dáná sí i. Kò sẹ́ni tí kì í yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀, àgbà àti ọmọdé, ẹni tó ń lọ oko àti ẹni tó ń ti ibi tí kò yẹ bọ̀. Ojú mi mú. Ohun tí mo bá ti rí, mi ò kì í gbàgbé.

Ohun tó sọ mí di atọpinpin nìyẹn. Ọ̀kọ̀pẹ kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, gbogbo ayé ní àkókò rẹ̀ ló tó. Mo ní kí wọ́n gbé igbà rẹ̀ wá. Mo wo ẹnu ibi tó ti já, ọ̀bẹ ni, kì í ṣe gbígbó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà sí ilẹ̀ oko ló jẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí òkú àlejò kan nínú igbó, lọ́nà Àyèká. Àwọn tó gbà á sílé búra pé ọjọ́ Ajé ló ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì alágbọn mi wà nínú àpò rẹ̀, Ọjọ́rú nìkan ni mo sì máa ń fi àgbọn sí búrẹ́dì. Bí àṣírí wọn ṣe tú nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kú ikú òjijì, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá. Nínú ìjọ Aládùúrà tí mo wà, wọ́n ní ẹ̀mí ló ń fi hàn mí. Wọ́n sọ mí ní Arínúróde. Orúkọ Ọlọ́run ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo sì ń jẹ́ ẹ.

Bàbá Bọ́sẹ̀ ni aládùúgbò mi, ó ní oko ọ̀pẹ. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é, kì í jẹ nǹkan tó dùn. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí mo bá ti ṣe búrẹ́dì ọjà tán, mo máa ń po kékeré kan fún un lọ́tọ̀ tí mi ò ní fi ṣúgà sí. Mo máa ń bu fúláwà wọ́n ọn lórí kó funfun, torí ó ní bí búrẹ́dì ìgbà èwe òun ṣe rí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó fi búrẹ́dì náà mu ògì tí ìyàwó rẹ̀ pò. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, ó ti ń bì, ó ń yí nílẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ figbe ta. Ó fọ ife ògì náà, ó bu epo pupa sí i, ó fi fún ọkọ rẹ̀ mu. Bàbá Bọ́sẹ̀ kú kí ọkọ̀ tó gbé e dé Òkìtìpupa.

Ẹbí ọkọ pé jọ, wọ́n ní kí n wá. Mo wọ sùtánà funfun mi lọ. Ẹ̀gbọ́n olóògbé kọ́kọ́ béèrè bóyá kì í ṣe búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú.

Mo ní, "Gbogbo Erinje ló jẹ búrẹ́dì mi lónìí. Ta ló kú? Ẹni tó po ògì ni kí ẹ bi."

Mo wá yíjú sí obìnrin náà níbi tó jókòó sí nílẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí o fi fọ ife?"

Ó ní, "Mo fẹ́ fi bu epo fún wọn ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ pé májèlé ni wọ́n jẹ?"

Ó bú sẹ́kún. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Ìyá wo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni inú ń run ará ilé rẹ̀, tí kì í ṣe epo ló máa kọ́kọ́ nawọ́ sí? Èmi náà ti fún àwọn ọmọ mi mu bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè í bi, inú mi sì dùn pé ó wọlé. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí èèyàn kú.

Ọlọ́pàá mú un lọ, ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ pé àwọn ò rí nǹkan kan dì mú. Ẹbí ọkọ ò dúró gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sí ìta. Ó mú Bọ́sẹ̀ tó ṣì ń lọ sílé ìwé nígbà náà, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Àyèká. Gàrí ló ń yan níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo sọ ohun tí mo sọ, mo gbà pé òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo ń gbá yàrá tí mo ń kó fúláwà sí. Eku ti ń da yàrá náà láàmú tẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú Bàbá Bọ́sẹ̀, mo po oògùn eku mọ́ fúláwà nínú abọ́ tánganran kan, mo tì í sábẹ́ pẹpẹ. Mo bu fúláwà lásán sínú abọ́ kejì, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, èyí tí mo máa fi wọ́n orí tábìlì. Abọ́ méjèèjì funfun, etí wọn aláwọ̀ búlúù, ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n.

Mo fa abọ́ abẹ́ pẹpẹ jáde kí n lè dà á nù. Kòkòrò ń rìn nínú fúláwà náà, wọ́n wà láàyè, wọ́n sì pọ̀. Ìgbẹ́ eku yí abọ́ náà ká. Àwọn eku ti ń jẹun níbẹ̀, kò sí èyí tó kú. Kòkòrò kì í gbé inú májèlé. Mo ti ṣi abọ́ gbé: ti oògùn ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo rẹ̀ wá ń padà sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àpò ni mo ti bu fúláwà tí mo wọ́n sí ti ọjà. Ìgbà tó ku búrẹ́dì Bàbá Bọ́sẹ̀ ni èyí tó wà lórí tábìlì tán, mo sì nawọ́ gbé abọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo rántí pé fúláwà náà dúdú díẹ̀ lójú mi. Mo ní èéfín ni. Mo wọ́n gbogbo rẹ̀ sórí búrẹ́dì bàbá náà kó lè funfun bó ṣe fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà mo fọ abọ́. Èmi tí mo bi ẹlòmíràn pé kí ló dé tó fi fọ ife.

Nínú gbogbo ikú tí mo ti wádìí, kò sí èyí tí mo tètè mọ ìdí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ju abọ́ méjèèjì sí ṣáláńgá. Mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mo ní wọ́n kúkú ti fi obìnrin náà sílẹ̀, Ọlọ́run á jà fún un. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa tún fi búrẹ́dì mi sẹ́nu? Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń pè mí láti ṣàdúrà fún àwọn ìyàwó ilé, mo sì ń ṣe é. Àwọn àgbà ní orí yéye ní mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Èmi mọ èyí tí mo gbé síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni obìnrin kan wá láti Igbotako. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ fẹ́ Bọ́sẹ̀, òun ló wá ṣe ìwádìí ilé ìyàwó bó ṣe yẹ kí ìdílé ṣe. Ó rọra jókòó, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé lóòótọ́ ni ìyá ọmọ náà pa ọkọ rẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa á jáwọ́." Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá. Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ó ní, "Màmá, ìyá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí yín, pé ohun tó yé yín lẹ sọ. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀yin lẹ máa ń rí ìdí ikú. Kí ẹ bá àwọn wá ẹni tó pa bàbá mi."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n ta búrẹ́dì kan fún òun, ìyá òun ṣì ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì mi. Mo ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì kún orí tábìlì, Bọ́sẹ̀ sì ń wò ó. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Àyèká ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú obìnrin yẹn? Ṣé ọlọ́pàá ni kí n lọ bá? Tàbí kí n dìde nínú ìjọ? Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà mí, mo ti dàgbà. Mo ti rò ó pé kí n kàn sọ fún ará Igbotako pé kì í ṣe ìyá ọmọ náà, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa béèrè pé ta wá ni, torí ohun tí wọ́n mọ̀ mí sí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹni tó ń wá láti ọdún méje ló rán ọmọ rẹ̀ sí.