Àgùnfọn Yàrá Tolú

Òtítọ́ kì í jẹrà nínú ikùn o. Ikùn tó gbé e pamọ́ ló ń jẹrà. Ohun tí Ooreọ̀fẹ́ ayàwòrán gbé mì láti ìgbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ó ní láti bì í lónìí, nítorí Ìyábọ̀dé tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ kan náà ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sabon Gari, ní Kano, ó tún ti lóyún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbúrò mi, wá bá mi ya erin fún èyí tó ń bọ̀. Bó o ṣe ya ti Tolú gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe é."

Gẹ́lẹ́ kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ni Ooreọ̀fẹ́ wí, ló bá kúnlẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya ẹranko sára ògiri yàrá ọmọ jòjòló. Kì í sì í ṣe é wàràwàrà. Yóò kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá náà, yóò wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, yóò bi ìyá ọmọ léèrè ẹranko tó wù ú, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀, kó tó wá máa kùn ún díẹ̀díẹ̀. Ojú ẹranko ló máa ń yà gbẹ̀yìn. Fún Tolú, àkọ́bí Ìyábọ̀dé, àgùnfọn ló yà, tó tẹ ọrùn wálẹ̀ bíi pé ó fẹ́ gbóòórùn orí ọmọ náà nínú bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹwà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olómi tó yẹ yàrá ọmọ kì í dán nínú fọ́tò, Ooreọ̀fẹ́ sì fẹ́ kí gbogbo obìnrin ìjọ rí i lórí fóònù kí wọ́n máa wá òun wá. Ojúkòkòrò! Ọ̀dà olóòórùn tí wọ́n fi ń kun géètì ló lò. Eruku ọyẹ́ Kano sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ló bá fi ọ̀rá dí fèrèsé pa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, òórùn ọ̀dà náà sì há mọ́ inú yàrá tí Tolú ń sùn.

Ramlat, ọmọbìnrin Hausa láti àdúgbò Gwagwarwa tó ń bá wọn tọ́jú Tolú, ló kọ́kọ́ fura. "Wallahi, Aunty, ọmọ yìí ò mí dáadáa," ló wí, ó sì já ọ̀rá náà. Ta ló pariwo mọ́ ọn? Ooreọ̀fẹ́ ni. Ó ní ó fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì dí fèrèsé padà.

"Èyí tó burú jù ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rántí ọ̀sán tá a gbé Tolú lọ sọ́sibítù? Dókítà bi yín bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun yàrá ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lanu, mo ti dáhùn. Mo ní ọ̀dà olómi ni, pé ó ti gbẹ tipẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù bà mí pé orúkọ mi á bàjẹ́. Ni wọ́n bá fún un lóògùn ikọ́, lẹ bá gbé e padà sílé."

Tolú ò lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Wọ́n ní Ramlat tó ṣí fèrèsé ló jẹ́ kí ọyẹ́ pa á. Ìyábọ̀dé gbá a létí, ó lé e jáde. Àwọn ará ìjọ ń pè é ní apànìyàn lójú pópó, títí dòní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ òun. Ooreọ̀fẹ́ dúró níbẹ̀, ó ń ṣe àmín sí àdúrà ìtùnú. Irú èèyàn wo nìyẹn?

"Màá sọ ọ́ níwájú ìjọ," ló wí. "Màá lọ sí Gwagwarwa, màá sọ ọ́ ní Hausa kí ìyá Ramlat gbọ́. Ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, nítorí Ọlọ́run."

Ìyábọ̀dé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ó máa ń sunkún tí mo bá ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn," ló wí. "Mo rò pé ìwà ọmọdé ni. Èmi ni mo ń gbé e wọlé, Ooreọ̀fẹ́. Èmi ìyá ẹ̀."