Lẹ́tà Tí Mo Ṣáájú Bàbá Ọkọ Mi Kà

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ wà lójú òpó ayélujára yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti gbé ẹrù kan sáyà. Àná ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ara mi fúyẹ́ débi pé orin ni mo ń kọ nínú mọ́tò lówùúrọ̀ yìí títí mo fi dé ibi iṣẹ́ mi ní Deer Park. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan tí n kò tíì bẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ní Cinco Ranch, lókè òkun, ni bàbá ọkọ mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo bá wọn forúkọ sílẹ̀ sójú òpó yìí, mo sì mọ pásíwọ́ọ̀dù wọn. Mo kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ tí àkọlé rẹ̀ bá dúdú kirikiri ni wọn ò tíì kà, pé tí wọ́n bá ti ṣí i, á di àwọ̀ eérú. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń wọ awò ojú, wọ́n á ka gbogbo èyí tó dúdú tán pátá. Wọn kì í wo ìyókù lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan, mo fi orúkọ wọn wọlé kí n lè bá wọn pààrọ̀ fọ́tò. Mo rí lẹ́tà tuntun kan tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ṣí i. Bàbá Láyíwọlá ló kọ ọ́, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, tí wọ́n ti jà láti ìgbà tí wọ́n jọ du ipò ọ̀gá iléèwé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ nígbà náà. Jọ̀ọ́, wá sílé, kí n bẹ̀ ọ́ lójúkojú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Tọ́lá ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Bàbá ló ń mójú tó o tí èmi àti ọkọ mi bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí wọ́n bá ka lẹ́tà yẹn, wọ́n á padà sílé lọ́hùn-ún, a ò sì ní rẹ́ni tọ́jú ọmọ. Mi ò pa á rẹ́ o. Mo kàn jáde ni. Ojú òpó yìí ò mọ ojú tó ka ọ̀rọ̀, orúkọ tí a fi wọlé ló mọ̀. Àkọlé náà ti di eérú, ojú òpó náà sì ti jẹ́ kí Bàbá Láyíwọlá mọ̀ pé wọ́n ti kà á. Bàbá kọjá lórí rẹ̀ láràárọ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn nígbà náà.

Lóṣù tó kọjá, a ń jẹun àárọ̀, Bàbá ní, "Láyíwọlá máa kú láì bẹ̀ mí." Mo dìde nídìí oúnjẹ. Ibì kan wà lójú òpó yìí tí èèyàn lè tẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó ti kà tún padà dúdú. Mo fi orúkọ wọn wọlé, mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí lẹ́tà náà. Wọ́n sunkún, wọ́n sì pe ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín wọn ló ń jí wa. Àmọ́ Bàbá Láyíwọlá sọ fún wọn pé ó ti lé ní ọdún méjì tí òun ti rí i pé wọ́n kà á. Bàbá wá gbà pé àwọn kà á, àwọn gbàgbé ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn sínú ìwé kí wọ́n má bàa gbàgbé. Wọ́n ní ká mú àwọn lọ rí dókítà tó ń wo ọpọlọ.

Èmi ni mo ń wa wọ́n lọ lánàá. Orí freeway, títì márosẹ̀, ni mo ti jẹ́wọ́. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ìyẹn ni pé orí mi pé?"

"Ó pé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ó dáa. Gba exit tó wà níwájú yẹn yà kúrò lójú títì, ká máa lọ sílé. Kí ni mo fẹ́ bá dókítà sọ?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. N ò rí ọkùnrin tó borí bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí a délé ni wọ́n sọ èyí tó kù. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n Láyíwọlá rò pé mo kọ ẹ̀bẹ̀ òun. Ibi tí o ti ṣe é ni kí o ti lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ níbí pé ọkàn bàbá ọkọ mi ti le jù torí wọn ò dáhùn lẹ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Láyíwọlá. Bàbá Láyíwọlá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá ọkọ mi ò kọ ẹ̀bẹ̀ yín. Ọjọ́ tí wọ́n rí i gan-an ni wọ́n dáhùn.