Omi Òkun Tí Mo Jí Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Àǹtí Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tí mi ò lè gbé pamọ́ mọ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Mushin ló ń yìn mí nítorí òkun kékeré tí mo fi gíláàsì kọ́ sí pálọ̀ wa. Wọ́n ń mú àlejò wá wò ó. Mi ò ní parọ́, ó dára, inú èmi gan-an ń dùn tí mo bá ń wò ó. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú rẹ̀, mo jí i ni. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni mo sì jí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé àwọn kan ṣì ní ìgò omi kan nílé. Wọ́n rò pé omi òkun tí wọ́n gbàdúrà sí ni. Kì í ṣe òun. Mi ò mọ ilé gbogbo wọn. Bóyá ọ̀kan nínú wọn á ka èyí.

Gíláàsì fèrèsé ni mò ń gé, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìwé mi ò lọ jìnnà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú, àbúrò rẹ̀ ló mú mi sọ́dọ̀. Àǹtí ni mò ń pè é. Aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, èyí tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó yí. Ẹ̀rọ yẹn ló fi bọ́ mi, òun náà ló fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi ní kí n lọ pààrọ̀ gíláàsì tó sán ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Surulere. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ẹ̀gbọ́n Ráfíù. Ẹja omi lásán ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ táǹkì kan wà ní kọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti omi òkun. Mo yọjú sí i, irinṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Iyùn ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe iyùn ọrùn tí ẹ mọ̀ o. Iyùn tó ṣì wà láàyè ni, tó lẹ̀ mọ́ òkúta, tó ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ jáde, tó ń jó nínú omi. Mo rò pé òdòdó ni. Ẹ̀gbọ́n Ráfíù ní rárá, pé ó lẹ́mìí, ó sì ń jẹun.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi náà máa ṣe èyí sílé.”

“Ilé wo?”

“Mushin.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. “Òkun ní Mushin! Ẹja yẹn á ti kú kó tó rí ẹnu ọ̀nà yín. Bá mi lẹ gíláàsì mi, jàre.”

Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgékù gíláàsì tó nípọn jọ ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo fi òkúta ti ẹsẹ̀ tábìlì tí mo gbé e lé kó má baà mì. Mo rọ omi lásán sí i wò, kò jò. Ìyẹn mọ́ mi lọ́wọ́, gíláàsì ò lè yọ mí lẹ́nu. Omi gan-an ló kù. Ẹ̀gbọ́n Ráfíù ní omi òkun ni kí n lọ wá.

Àwa ara Mainland, omi tí a bá ti rí tó lọ títí, òkun la máa ń pè é. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí etí omi lápá Ìjọra, mo pọn ọ́n, mo sì gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n Ráfíù tayọ̀tayọ̀. Ó ki ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ bọ inú rẹ̀, ó sì wojú mi.

“Ṣẹ́gun, ọ̀sà lo gbé wá fún mi. Epo ọkọ̀ tó wà nínú èyí ju iyọ̀ ibẹ̀ lọ. Òkun ni mo ní kí o lọ, níbi tí ìgbì ti ń gbé èèyàn ṣubú!”

Ó ní àwọn kan máa ń ra iyọ̀ pàtàkì tó ń ti òkè òkun wá, wọ́n á pò ó mọ́ omi tó mọ́. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi iyọ̀ ọbẹ̀ dán an wò, á pa gbogbo wọn. Iyọ̀ òkè òkun yẹn kọjá agbára mi. Mo gbé táǹkì òfìfo mi sílẹ̀, mò ń wò ó.

Àsìkò yẹn gan-an ni orúnkún Àǹtí dá iṣẹ́ dúró. Kò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ mọ́. Aláṣọ funfun ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Wòlíì wọn ní kí wọ́n lọ gbàdúrà létí òkun, kí ó bu omi bọ̀ níbẹ̀, kí ó máa gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó máa fi wẹ orúnkún náà. Mo rí i bó ṣe fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn gun ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbààwẹ̀ lọ, ó gbààwẹ̀ bọ̀. Ó to àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n. Mo ṣí ọ̀kan wò. Omi náà mọ́ gaara.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti pẹ́ lórí àìsàn ti kú. Ó di ẹrù. Ó ní, “Ṣẹ́gun, bá mi ṣọ́ omi mi o. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí.”

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Èmi ló ní kí n ṣọ́ ọ.

Lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn tó lọ ni mo dà á sínú táǹkì, ó ku kẹ́ẹ̀gì kan. Mo pọn omi bọ́hóòlù kún àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo, mo bu iyọ̀ láti inú agolo ìdáná rẹ̀ sí i, mo ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń se ọbẹ̀ títí tó fi jọ ti òkun lẹ́nu mi. Mo dá aṣọ funfun náà padà bó ṣe wà. Nígbà tí Àǹtí dé, tó rí táǹkì tó kún, mo ní ará Surulere kan ló fún mi lómi. Ó súre fún onítọ̀hún. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti ń fi omi inú kẹ́ẹ̀gì wẹ orúnkún rẹ̀.

Òkúta inú òkun ni Ẹ̀gbọ́n Ráfíù kọ́kọ́ fún mi, ó ní kí n má tíì fi ẹja sí i, kí àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú ò rí kọ́kọ́ di onílé níbẹ̀. Mo dúró títí. Àwọn ará ilé wa fi mí ṣẹ̀sín.

“Ṣẹ́gun, ẹja ẹ dà? Àbí òkúta lo fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà?”

Ohun kan bí ẹrẹ̀ bo gbogbo gíláàsì, mo rò pé omi ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ráfíù ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé omi náà ń dàgbà ni. Lóòótọ́, ó lọ fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ìgbín kan tí kò tó ọmọ èékánná, tó ti inú òkúta yọjú. Ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni bímọ.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀ tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi di méjì. Ooru Èkó ń fa omi náà, ó ń lọ sílẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, mo tún jí nínú omi Àǹtí tó kù kún un, mo tún fi omi iyọ̀ dí i. Ìgbà tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Ráfíù pé omi òkun ni mo fi ń kún un, ó lu orí mi. “Iyọ̀ kì í fò lọ! Omi nìkan ló ń lọ. Omi lásán ni wàá fi kún un. O fẹ́ sọ wọ́n di ẹja oníyọ̀ ni?” Ìyẹn ni pé èyí tí mo jí ṣìkejì, òkun mi ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Ó ń pa á lára ni.

Mo ṣe é bó ṣe wí. Mo ra bátìrì ọkọ̀ àlòkù ní Ládìpọ̀, mo so pọ́ńpù kékeré mọ́ ọn, kí omi lè máa rìn bí wọ́n bá mú iná lọ. Mo gbé fáànù kojú rẹ̀ kí ooru má baà sè wọ́n. Mo fi ẹja méjì sí i, àwọn aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun. Wọn ò kú. Lẹ́yìn náà ni mo fi iyùn sí i, ẹyọ kan péré, tó pa ara rẹ̀ dé bí ọmọ tó ń bínú.

Ó pẹ́ kó tó ṣí. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, tí mo rí i pé ó ti na gbogbo ọwọ́ rẹ̀ síta, tútù bí ewé, tó ń jó. Ní Mushin! Nínú àgékù gíláàsì mi! Mo figbe ta. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo, “Ó ti ṣí o! Àǹtí, ó ti ṣí!”

Àǹtí sáré wọlé, ó rò pé iná ló gbé mi.

Ẹ gbọ́ mi? Ó sáré. Àwa méjèèjì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú táǹkì náà. “Omi yẹn ti ṣe é! Ṣẹ́gun, omi mi ti ṣe é!” Mo bá a jó. Mi ò tíì rí ayọ̀ tó tó yẹn rí láyé mi.

Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rọ omi tó kù sínú ìgò, ó ń fún àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Ráfíù wá sí Mushin fúnra rẹ̀, ó dúró síwájú òkun mi, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ọmọ yìí, o ti nà mí.” Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí kí n kọ́ tiwọn.

Ìyá Kẹ́mi ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Aládùúgbò wa ni, egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń bá a wẹ̀ ní kílíníìkì. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀rí Àǹtí, kò lọ mọ́. Mo bá a níta tó ń da omi ìgò yẹn sí egbò náà, tó ń payín keke, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ náà ti wú. Iyọ̀ ìdáná tí èmi pò ni.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ Àǹtí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

“Iyọ̀ wo?”

“Èyí tó wà nínú agolo ìdáná, Àǹtí.”

“Iyọ̀ mi?” Ó wò mí. “O jí omi mi, o tún fi iyọ̀ mi dí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ẹ dárí jì mí.”

“Omi mi gan-an dà?”

Mo kàn nawọ́ sí táǹkì. Ó yíjú síbẹ̀. Ó ti di àṣà rẹ̀ láti máa gbé àpótí síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á máa wo àwọn ẹja yẹn, á máa gbàdúrà. Mo ní bó bá fẹ́ ẹ padà, màá bù ú fún un lónìí olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn á kú.

“Ta ló ní kí o pa wọ́n?” Ohùn rẹ̀ le. “Ọmọ ìjọ mi ni wọ́n báyìí. Dìde. Ìyá Kẹ́mi la kọ́kọ́ ń lọ bá.”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. “Ìyá Kẹ́mi, ẹ má bínú, omi ọbẹ̀ la fún yín.”

Ìyá Kẹ́mi ní, “Abájọ! Abájọ tó fi ń ta mí dé orí!” Ó bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Mo gbé e lọ sí kílíníìkì, mo sì ń gbé e lọ títí di ìsinsìnyí. Egbò náà ti ń pa ẹnu dé. Ó ti ń rìn wá wo ẹja.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́, Àǹtí bi mí pé ta ló wá wo orúnkún òun sàn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Èmi mọ̀,” ó sì ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ó ti ní mo gbọ́dọ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tó ń bọ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọn ò fi ní fi Àǹtí mi ṣe ẹlẹ́yà?

Ẹ̀yin tí ẹ sì gba ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má fi sójú egbò. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ. Omi bọ́hóòlù ni, ẹ dà á nù. Ẹ mú òfìfo ìgò náà wá sílé wa ní Mushin, ẹ béèrè ilé òkun, ọmọdé á mú yín wá. Ojúlówó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, iyùn ń jó. Àǹtí ti gbà. Èmi ni màá bù ú fún yín fúnra mi, díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ẹja má baà kú, bí ẹ bá ti lè dárí jì mí.