Irú Èyí Tí Gbogbo Ayé Ń Ní

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù n'Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ọyàn mi pọ́n, ó sì wú, àmọ́ kò ní kókó. Dókítà ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ṣọ̀wọ́n."

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bí wọ́n bá ní kì í ṣe òun ńkọ́? Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ régbérégbé wa, àwa ojúgbà tí a jọ ń dáṣọ, pé tèmi kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń ní."

Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ!

"Ẹ fẹ́ fi fáàrí pa ara yín ni?"

Nọ́ọ̀sì pe ẹ̀gbọ́n. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

"Tẹ̀lé mi wọlé, di ọwọ́ mi mú. Kí o sì máa gbọ̀n díẹ̀, kí wọ́n lè rò pé ìwọ lẹ̀rù ń bà."